Awọnlẹ̀ Ni Mí: Láti Etí Odò Benue Dé Dagenham

Ìyàwó mi ní kí n má kọ ọ́ gùn, pé ọmọ ìwòyí kì í ka ohun tó bá ti ju ojú fóònù kan lọ. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀ sí i.

Awọnlẹ̀ ni mí, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sọ̀féyọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, Thames View, ní ìlà-oòrùn London, ni à ń gbé. Lọ́jọ́ tí ìjọ wa ní Barking kó àwọn ọ̀dọ́ jọ pé kí àwọn àgbà wá bá wọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́, nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, ó wá kàn mí. N kò tíì sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ tí Morẹ́nikẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan tí àwọn òbí rẹ̀ kó wá síhìn-ín láti Peckham, fi na ọwọ́ sókè.

"Grandpa, no offence o," ó ní, "but máàpù wà lórí fóònù now. Kí lẹ wá ń wọ̀n?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé, "Ọmọ mi, ta ló kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn ín kó tó dé inú fóònù?"

"Wait. Ẹ̀yin lẹ rìn ín?"

"Díẹ̀ nínú rẹ̀."

Àkókò ti lọ, wọ́n ní kí n lọ kọ ìyókù sílẹ̀ fún ìwé ìròyìn ìjọ. Òun nìyí.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ kò le láti sọ. Ọmọ Èkìtì ni mí, mo mọ ìṣirò, mo jáde ìwé, ọ́fíìsì ìwọ̀n-ilẹ̀ kan ní Ìbàdàn gbà mí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Owó oṣù rẹ̀ kò pọ̀, ebi kò sì pa mí. Ó parí.

Ohun tó yẹ kí ẹ gbọ́ ni ti Ọ̀gá Bassey. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, apá Calabar ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló dàgbà sí, ó sì ń sọ Yorùbá débi pé bí ó bá ń bú ọ, wàá rò pé ìyá rẹ ló ń bú ọ. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi mí sí. Oṣù mẹ́fà gbáko, n kò fi ojú kan inú awò ìwọ̀n-ilẹ̀, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ṣéènì ni mo ń fà. Ṣéènì yìí, okùn irin gígùn ni, tí a fi ń wọn ilẹ̀ láti pẹ́ẹ̀gì kan dé èkejì. Ẹnìkan á di iwájú mú, ẹnìkan á di ẹ̀yìn mú, a ó fà á kó le gbagidi, a ó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, a ó sì tún ṣí lọ. Ẹni tó máa ń di iwájú mú ni Danladi, ọkùnrin kan láti apá Bauchi tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí n tó mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Kò kàwé púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí Danladi bá wo igi kan lókèèrè tó ní igba ẹsẹ̀ bàtà ni ibẹ̀ sí wa, tí o bá fi ṣéènì wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni wàá bá a.

Ọ̀gá Bassey kórìíra ìpàwérẹ́ bí ẹni kórìíra ejò. Bí o bá kọ nọ́ńbà tí kò tọ̀nà sínú ìwé, ìlà kan ni kí o fà gba àárín rẹ̀, kí o kọ èyí tó tọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí àṣìṣe náà kà. Ní ọjọ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ Sókótó, mo kọ nọ́ńbà kan sódì. Ojú tì mí. Mo fi itọ́ sí àtàǹpàkò, mo rọra nù ún kúrò. Nígbà tí a padà sí àgọ́, Ọ̀gá gbé ìwé náà sókè sí oòrùn, ó rí ibi tí bébà ti fẹ́lẹ́.

"Kí ló ṣe ibí yìí?"

"Òógùn ló kán sí i, sà."

"Òógùn rẹ mọ ojú nọ́ńbà." Ó pa ìwé náà dé. "Gbogbo ohun tí ẹ ṣe lónìí, ẹ ó tún un ṣe."

Máìlì mẹ́fà ni, nínú oòrùn tó lè fi ilẹ̀ yan ẹ̀pà. A tún un rìn lọ́jọ́ kejì, Danladi náà sì wà níbẹ̀ tó ń jìyà ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ó ní, "Next time wey you wan rub book, rub my leg first." Láti ọjọ́ náà n kò nu nǹkan kan kúrò nínú ìwé mọ́.

Òfin kejì tí Ọ̀gá ní ni ti omi. Bí a bá dé ibi tí odò wà, kékeré tàbí ńlá, a kò gbọdọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ tàbí ipa ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ títí a ó fi bi ènìyàn mẹ́ta léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: àgbàlagbà kan, àgbẹ̀ kan, àti obìnrin tó ń pọn omi. Ó ní, "Àgbà á sọ bí odò náà ṣe rí nígbà èwe rẹ̀. Àgbẹ̀ á sọ ibi tí ó wù ú kí odò náà gbà. Obìnrin tó ń pọnmi ló mọ ibi tó wà láàárọ̀ yìí." Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, a ó wá fi ẹsẹ̀ ara wa rìn ín.

Báyìí ni mo ṣe mọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí mi sí. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo ti rò pé bí Èkìtì ṣe rí ni gbogbo Nàìjíríà rí, òkè àpáta, igbó kòkó àti ilẹ̀ pupa. Ní apá àríwá mo rí ilẹ̀ tó tẹ́ lọ rẹrẹ títí ó fi rẹ ojú mi. Àwọn obìnrin ibẹ̀ á ti gún ọkà bàbà wọn tán kí oòrùn tó yọ, torí pé bí ó bá ti gòkè tán, ọwọ́ kì í lè gbé odó. Jos wà lórí òkè pẹrẹsẹ kan. Òtútù àárọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Barking nígbà tí ewé bá ń wọ́. Orọ́ ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí oko wọn ká, ọ̀dùnkún òyìnbó sì ni wọ́n gbìn sínú rẹ̀. Ní ìhà gúúsù, níbi tí odò Ọya ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ tó ń wọ inú òkun, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ọmọ ń wọ̀ lọ síléèwé, ilẹ̀ tí a bá sì wọ̀n láàárọ̀, omi á ti bò ó tó bá di ọ̀sán. Ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Ọya àti Benue ti pàdé, Danladi fi hàn mí pé omi méjèèjì kì í dàpọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ jọ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan pọ́n, ọ̀kan dúdú díẹ̀.

Ibikíbi tí a bá dé, ohun mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ́ nínú èdè wọn: bí wọ́n ṣe ń kíni, bí wọ́n ṣe ń pe omi, àti bí wọ́n ṣe ń sọ pé "ó tó." Ẹni tí kò mọ "ó tó" ní ilẹ̀ Benue, iṣu ni yóò pa á. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò dìde.

Ilẹ̀ Benue yìí náà sì ni mo ti ṣe ohun tí n kò lè gbàgbé.

Ó jẹ́ ọdún kẹjọ tí mo wọ iṣẹ́. Wọ́n ti sọ mí di olórí ikọ̀ kékeré kan, awò ti wà lọ́wọ́ èmi náà, Danladi sì wà lọ́dọ̀ mi. Abúlé méjì kan wà nítòsí odò Benue, ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n ní abúlé òkè àti abúlé ìsàlẹ̀. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Odò kékeré kan tó gba inú àbàtà kọjá ni ààlà wọn láti ayébáyé. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀n ọ́n tán. Ó ku máìlì méjì péré nínú àbàtà yẹn, iṣẹ́ ọjọ́ méjì, nínú omi tó dé ìbàdí.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni tẹlígíráàmù dé pé ìyàwó mi ti bí àkọ́bí wa ní Ìbàdàn. Mo ka ọjọ́. Bí mo bá gbéra lọ́sàn-án yẹn, màá bá ìsọmọlórúkọ. Bí mo bá wọ àbàtà, n kò ní bá a.

Ọkùnrin kan láti abúlé ìsàlẹ̀ ń ti oko bọ̀. Mo bi í níbi tí odò náà gbà. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ sókè, ó nà án síwájú, ó ní ibẹ̀ yẹn ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi, mo fa ìlà odò náà gẹ́gẹ́ bí ọkọ́ rẹ̀ ṣe nà, mo sì kọ nọ́ńbà mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Danladi dúró lẹ́yìn mi. "Oga, we never ask the women."

"Na two days dey inside that water, Danladi. My pikin no go wait."

Ó ká ṣéènì jọ, ó gbé e kọ́ èjìká. "Okay. But no be me write am o."

Mo bá ìsọmọlórúkọ. Káyọ̀dé ni a sọ ọmọ náà. Mo jó, mo jẹun, mo sì gbàgbé àbàtà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tó ọdún kan. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, Ọ̀gá Bassey pè mí sínú ọ́fíìsì. Lẹ́tà kan wà lórí tábìlì, máàpù tí mo yà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka lé orí àbàtà náà.

"Ṣé o rin ibí yìí?"

"Sà, nígbà yẹn, omi ibẹ̀—"

"N kò bi ọ́ nípa omi. Ṣé o rìn ín?"

"Rárá, sà."

Mo ń retí ariwo. Kò pariwo. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó sì ka lẹ́tà náà fún mi. Orí ìlà tí mo fà ni wọ́n ti ri òpó ààlà mọ́lẹ̀. Ìlà náà sì gbé ìsun omi tí abúlé òkè ń mu láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ó jù ú sí ọwọ́ abúlé ìsàlẹ̀. Àwọn obìnrin lọ pọnmi bí ìṣe wọn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan dí wọn lọ́nà, wọ́n ní ìwé ìjọba ti sọ pé àwọn ló ni ín. Ọ̀rọ̀ di àdá. Wọ́n sun abà iṣu, wọ́n sun ilé, wọ́n sì ṣá obìnrin kan tó gbé ìkòkò sórí.

"Palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́," Ọ̀gá ní. "Àwa méjèèjì là ń lọ."

Mámà Dooshima ni orúkọ obìnrin náà. Abẹ́ igi máńgòrò kan la ti bá a, aṣọ ni wọ́n fi so ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ́ ọrùn, ìka méjì kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò dàgbà jù mí lọ púpọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

"Na you write the water?" ó bi mí.

"Na me, Ma."

"You see am before you write am?"

"I no see am."

Ọ̀gá Bassey dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò gbà mí sílẹ̀, kò sì dá sí i. Obìnrin náà wá ní, "Since I small I dey go that water. Why you no ask me?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ìyàwó mi bímọ? Òun náà bímọ.

Ó dìde. Ó ní, "Come. But this time, write am well."

Ó ṣáájú wa wọ inú àbàtà náà. Ó mọ ibi tí ilẹ̀ ti le àti ibi tó ti lè gbé ènìyàn mì, èmi kò mọ̀ ọ́n. Níbi tí omi ti jìn, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sẹ́yìn, ó dì mí mú kí n má baà ṣubú. Mo ń sunkún, mo sì ń kọ nọ́ńbà. Ọjọ́ méjì náà ló gbà wá, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn àgbà abúlé méjèèjì pàdé. Mo dúró ní gbangba, mo ní èmi ni mo kọ ohun tí ojú mi kò rí. Ọkùnrin arúgbó kan tutọ́ sílẹ̀ níwájú mi. Lẹ́yìn èyí ni Ọ̀gá Bassey tẹ̀síwájú, ó ní, "Èmi ni ọ̀gá rẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí i láìyẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá fẹ́ bú ènìyàn, ẹ kọ́kọ́ bú mi." N kò mọ̀ pé ó máa sọ bẹ́ẹ̀. Ojú mi kò kúrò nílẹ̀.

Wọ́n ya máàpù náà tún, wọ́n tú òpó ààlà, ìsun omi padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Àlàáfíà kò dé lọ́jọ́ kan. Ìpàdé lórí ìpàdé ni. Ìka Mámà Dooshima kò padà. Ní tèmi, wọ́n gba awò lọ́wọ́ mi, wọ́n dá mi padà sídìí ṣéènì fún ọdún méjì. Ìgbéga tó tọ́ sí Ọ̀gá Bassey kò dé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò fi bú mi lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ kan tí mo gbìyànjú láti tọrọ àforíjì, àárín oko la wà, ó ní, "Fa ṣéènì." Mo fà á.

Irinṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ẹ̀rọ kan dé tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ọ̀nà jíjìn: o tẹ bọ́tìnnì, nọ́ńbà yọ. Danladi fi ojú wọ̀n ọ́n, ó sọ iye tirẹ̀, a tẹ ẹ̀rọ, ìyàtọ̀ wọn kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé inú rẹ̀ kò dùn. Ọdún kejì ló padà sí ìlú rẹ̀ lọ dáko. Lẹ́yìn èyí ni ti sátẹ́láìtì dé, tó jẹ́ pé ojú ọ̀run ni wọ́n ti ń sọ ibi tí o dúró sí fún ọ.

Ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ni, ló kọ́kọ́ wá sí London. Èmi àti àwọn ọmọ tẹ̀lé e. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún díẹ̀. Ìwé ẹ̀rí mi kò jọ wọ́n lójú, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ìsàlẹ̀ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ rí, n kò bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n gé orúkọ mi, Olúṣọlá, kúrú, wọ́n ń pè mí ní Sol.

Iṣẹ́ tó kẹ́yìn tí mo ṣe wà ní Dagenham, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò látijọ́, tí wọ́n wá ń kọ́ ilé sí. Ọ̀gá mi níbẹ̀ ni Priya, ọmọbìnrin Índíà kan tí wọ́n bí sí Ilford, ó kéré sí Káyọ̀dé mi. Ó gbé ọ̀pá sátẹ́láìtì lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dì í mú gírígírí, mo tẹ̀ sẹ́yìn.

"Sol, kí lò ń fà?" ó bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Kì í ṣe okùn. Ṣáà dúró jẹ́ẹ́."

Mo kọ́ láti dúró jẹ́ẹ́. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ tábúlẹ́ẹ̀tì, mo kọ́ ti ẹ̀rọ kékeré tó ń fò lókè tó ń ya àwòrán ilẹ̀. N kò ní parọ́ fún yín pé ti àtijọ́ ló dára jù. Ohun tí à ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe, Priya á ti parí ẹ̀ kó tó mu tíì. Ohun kan ṣoṣo ni mo rò pé mo kọ́ ọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ sún mọ́ odò Thames, ó rọ̀ nísàlẹ̀, pẹ́ẹ̀gì tí o bá gbá lónìí lè yẹ̀ tó bá di ọ̀la. Mo ní ká máa tún gbogbo wọn wọ̀n ní àràárọ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní mo ti gbé lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, níbi tí Ọya ti ń wọ òkun. Ní òwúrọ̀ kejì a bá mẹ́rin tó ti yẹ̀. Láti ìgbà náà, kí n tó dé ló ti ń dúró dè mí.

Orúnkún ló lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ láti ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí láìfi bò: iṣẹ́ yìí máa ń gbé ènìyàn kúrò nílé. Nínú ọmọ mẹ́rin tí mo bí, ọ̀kan péré ló ṣojú mi nígbà tó kọ́kọ́ rìn. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn kí ẹsẹ̀ tutù kó má ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa yin òun, kó lọ kọrin.

Ní oṣù tó kọjá mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Dagenham, mo lọ wo àwọn ilé náà. Wọ́n ti parí wọn, ènìyàn ti kó wọlé. Kẹ̀kẹ́ ọmọdé wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹnìkan ń dín dòdò, òórùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé jáde. Mo lọ dúró sí igun ilé kan tí èmi fúnra mi gbá pẹ́ẹ̀gì rẹ̀, mo fi ojú kan wo ògiri rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Obìnrin kan yọ orí síta. Ó wo fìlà mi, ó sì mọ̀ pé Yorùbá ni mí. "Ẹ káàsán, Daddy. Ṣé ẹ ń wá someone ni?"

"Rárá, ìyá. Mo kàn ń wo ògiri yín ni."

Ó jáde wá, ó dúró tì mí, òun náà gbójú sókè. "Àbí nǹkan ṣe é?"

"Kò sí ohun tó ṣe é," mo ní. "Ó dúró ṣánṣán."